Ìrora ìyàwó wa ju ojú ọgbẹ́ rẹ̀ lọ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ìbímọ: ṣé ká dúró di ọjọ́ Ajé?

ỌmọAdéníji (Àbámẹ́ta, 8:52 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kíákíá. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Bàrígà níhìn-ín. A gbóhùn ìyá, a gbóhùn ọmọ, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Láti ọjọ́ Àìkú ló ti ń rọbí, omi ọmọ sì ti ya tipẹ́ kí wọ́n tó gbé e wọ tíátà. Àná Ẹtì ni wọ́n ní kí wọ́n máa bọ̀ nílé.

Láti àná náà ni ikùn ti ń dùn ún, àmọ́ ìrora yìí kò yé mi. Ojú ọgbẹ́ náà kò fi bẹ́ẹ̀ burú. Ó wú díẹ̀, ó ń dán, omi ń sun níbì kan. Ṣùgbọ́n tí aṣọ bá ṣèèṣì kan ẹ̀gbẹ́ ikùn rẹ̀, níbi tí abẹ kò dé rárá, á fi igbe ta. Ara rẹ̀ gbóná, ó sì ń gbọ̀n.

Màmá rẹ̀ tó wá láti Ìjẹ̀bú wá wẹ ọmọ ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, pé kò sẹ́ni tí wọ́n là tí kì í ké, kí a fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ ilé ìwòsàn náà láago, wọ́n ní kí ó lo parasitamọ́ọ̀lù, kí ó wá wẹ ojú ọgbẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Ṣé ká dúró?

ÌyáÌbejìMushin (9:05 alẹ́)

Ẹ kú ewu ọmọ. Ọlọ́run á wò ó dàgbà. Àbúrò mi, má jẹ́ kí àyà rẹ já. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti là mí, mo sì ké débi pé ará ilé kejì ń béèrè mi. Ẹ má fi omi gbígbóná kan ojú ọgbẹ́ gan-an o, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ nìkan. Tí omi bá ń sun, ẹ tú kápúsù Ampiclox sí i kí ó lè gbẹ.

Nọ́ọ̀sìÀgbà (9:20 alẹ́)

ÌyáÌbejì, ẹ má bínú sí mi, ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá omi gbígbóná. Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mo ṣe fẹ̀yìn tì ní Erékùṣù Èkó, n kò sì ní dákẹ́ lórí èyí.

ỌmọAdéníji, nínú gbogbo ohun tí o kọ, gbólóhùn kan ló bà mí lẹ́rù: pé ibi tí abẹ kò dé ló ń dùn ún. Ọgbẹ́ abẹ a máa dunni, ta ló sọ pé kì í dunni? Àmọ́ ńṣe ló yẹ kí ó máa rọlẹ̀ lójoojúmọ́. Kò yẹ kí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa le sí i lọ́jọ́ kẹrin.

Mú bíró. Fi ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ kan ikùn rẹ̀ jẹ́jẹ́, kí o wá ibi tí ooru náà pin sí àti ibi tí wíwú náà pin sí. Fi bíró fa ìlà yí i ká, kọ aago sí ẹ̀gbẹ́ ìlà náà. Má wulẹ̀ máa wá pípọ́n. Pípọ́n tí wọ́n ń kọ sínú ìwé kì í hàn dáadáa lára àwa adúláwọ̀. Dídán ni wàá rí, tàbí kí awọ náà dúdú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kí ó sì le lábẹ́ ìka. Lẹ́yìn náà, di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, kí o ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Tí tẹmómítà bá wà nílé, fi wò ó. Ṣé ó ń tọ̀? Ṣé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì já gaara? Padà wá sọ fún mi, má sùn.

Akẹ́míìsìOjúẹlẹ́gbà (9:31 alẹ́)

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Màmá Nọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin ìyá wa, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ yé tú kápúsù sójú ọgbẹ́. Kápúsù tí a ń gbé mì, inú ẹ̀jẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Lójú ọgbẹ́, ńṣe ni yóò di ìṣùpọ̀, dókítà kò sì ní rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀kan tún wà. Àwọn èèyàn máa ń wá bá mi ra díkílófẹ́náàkì fún ìyá ìkókó. Ẹni tó bá lò ó, ibà rẹ̀ lè rọlẹ̀, ìrora lè fà sẹ́yìn díẹ̀, gbogbo ilé á ní ó ti ń yá, àrùn ọ̀hún á sì máa bá ìrìn rẹ̀ lọ nínú ara. Ẹ béèrè ohun tó ti lò láti àárọ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

ỌmọAdéníji (10:47 alẹ́)

Màmá, mo ti ṣe é. Aago 9:35 ni mo fa ìlà. Wíwú náà ti kọjá ìlà ní nǹkan bí ìka méjì lápá òsì, ó ń lọ sí ìbàdí. Ọkàn rẹ̀ ń lù ní 128. Ibà 39.1. Láti ọ̀sán ni kò ti tọ̀. Omi tó ń sun kì í ṣe ọyún, kò ki, àwọ̀ eérú ni, òórùn rẹ̀ kò sì dára.

Ohun tó já mi láyà jù ni pé ó bi mí pé níbo la gbé ọmọ lọ. Ọmọ náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo fi hàn án. Kò pẹ́, ó tún bi mí.

Màmá rẹ̀ ní ká jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́, pé ojú ọ̀nà kò dáa lóru.

Nọ́ọ̀sìÀgbà (10:51 alẹ́)

Ẹ gbéra báyìí. Ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́.

Ẹ má padà sí ilé ìwòsàn kékeré yẹn. N kò bú wọn o. Ibi tí oníṣẹ́ abẹ wà lóru, tí tíátà ń ṣiṣẹ́ lóru, tí ẹ̀jẹ̀ wà, ni ẹ nílò. Láti Bàrígà, ilé ìwòsàn ìjọba Gbàgádà ló sún mọ́ yín jù. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì náà wà: LUTH ní Ìdí-Àràbà, LASUTH ní Ìkẹjà. Ẹ tẹ nọ́ńbà pàjáwìrì, 767 tàbí 112. Tí ọkọ̀ wọn kò bá tètè dé, ẹ wọ ọkọ̀ aládùúgbò. Lóru, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kì í sábà pọ̀ lójú ọ̀nà.

Ẹ má fún un ní oúnjẹ, torí ó lè wọ tíátà. Ẹ mú ìwé tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ àti gbogbo oògùn tó ń lò dání.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Tí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà, ẹ má sọ pé ojú ọgbẹ́ ló ń dùn ún. Wọ́n á ní kí ẹ jókòó. Ẹ sọ pé: ó bímọ pẹ̀lú iṣẹ́ abẹ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ibà 39.1, ọkàn 128, kò tọ̀ láti ọ̀sán, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń dàrú, wíwú náà sì ti kọjá ìlà láàárín nǹkan bíi wákàtí kan. Kí ẹ ká aṣọ kúrò lórí ikùn rẹ̀ kí wọ́n rí ìlà náà. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, ìdí rẹ̀ kò ní balẹ̀ mọ́.

BàbáTólú (11:02 alẹ́)

Ọlọ́run á ṣàánú. Ẹ kàn múra sílẹ̀ fún “kò sí bẹ́ẹ̀dì” o. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ń da lára ìyàwó tèmi, a lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan tí n kò ní dárúkọ. Inú ọkọ̀ la wà, tí ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ń dá wa lóhùn. Kódà kì í ṣe dókítà!

Agbẹjọ́ròYaba (11:15 alẹ́)

Fún ẹni tó bá nílò rẹ̀ lóru òní: Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014, ìpín 20, sọ pé ilé ìwòsàn tàbí òṣìṣẹ́ ìlera kò gbọdọ̀ kọ̀ láti tọ́jú ẹni tó wà nínú pàjáwìrì, ohun yòówù kí ìdí rẹ̀ jẹ́. Ẹni tí wọ́n bá dá lẹ́bi lè san owó ìtanràn 100,000 náírà tàbí kí ó ṣe ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì.

Mo mọ̀ pé ẹjọ́ kọ́ ni ẹ ń wá lọ. Ẹ má bá wọn jà lẹ́nu ọ̀nà, ìjà kì í ṣí géètì. Tí bẹ́ẹ̀dì kò bá sí lóòótọ́, ẹ ní kí dókítà jáde wá wò ó níbi tó wà, kí wọ́n fi omi sí i lára, kí wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ apakòkòrò àkọ́kọ́, kí wọ́n sì pe ibi tí wọ́n ń rán yín lọ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.

ỌmọAdéníji (Àìkú, 6:34 àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀. Ó ṣì wà láyé.

Ibi àkọ́kọ́ ní kò sí bẹ́ẹ̀dì bí BàbáTólú ṣe sọ. Ọ̀rọ̀ Agbẹjọ́rò ni mo sọ, mo sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́. Nọ́ọ̀sì kan yọjú sínú ọkọ̀, ó rí ìlà bíró yẹn àti aago tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ló bá sáré wọlé lọ pe dókítà. Inú ọkọ̀ yẹn ni wọ́n ti fi omi sí i lára tí wọ́n fún un lábẹ́rẹ́, wọ́n wá pe ibi kejì sílẹ̀ fún wa.

Níbi kejì, dókítà obìnrin kan fi ìka tẹ ikùn rẹ̀, ó ní afẹ́fẹ́ ń dún lábẹ́ awọ. Kò tilẹ̀ dúró de èsì àyẹ̀wò tó fi ní kí wọ́n ṣí tíátà. Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ sí ìwé pé tó bá di dandan wọ́n lè yọ ilé ọmọ. Ọpẹ́ ni pé wọn kò yọ ọ́, wọ́n ní àrùn náà kò dé ibẹ̀.

Àmọ́ ẹ̀yin ará ilé, ohun tí mo rí kò ṣeé sọ. Wọn kò rán ikùn rẹ̀ padà. Wọ́n gé awọ àti ẹran kúrò láti ìbàdí kan dé ìkejì, wọ́n fi gọ́ọ̀sì tútù dí i, wọ́n gbé e jáde bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní wọ́n á tún gbé e wọlé lọ́la. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí. Màmá rẹ̀ ń ké pé wọ́n ti gé ọmọ òun jẹ. Kí ló dé tí wọn ò rán an? Ṣé abẹ́rẹ́ kò lè pa kòkòrò yẹn ni?

Oníṣẹ́AbẹMẹ́ńlàndì (9:10 àárọ̀)

Mo ti ka ọ̀rọ̀ yìí láti òkè. Dókítà iṣẹ́ abẹ ni mí, èmi kọ́ ló tọ́jú rẹ̀, nítorí náà ohun tí gbogbo wa mọ̀ nípa irú àìsàn yìí ni mo fẹ́ sọ.

Necrotizing fasciitis ni à ń pè é. Lábẹ́ awọ àti ọ̀rá, awọ fẹ́lẹ́ kan wà tó bo iṣan. Ẹ̀jẹ̀ kò pọ̀ níbẹ̀, ibẹ̀ sì ni kòkòrò náà ń bá sá. Bí ikán ṣe ń jẹ òpó ni: òde ṣì ń dán, inú ti di ihò. Ìdí nìyí tí ojú ọgbẹ́ kò fi burú lójú yín nígbà tí ìyá náà ń ké. Àwọn iṣan ìmọ̀lára ló ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá wá kú tán, ìrora á dáwọ́ dúró, ibẹ̀ á kú tipiri, àwọn ará ilé á sì ní àdúrà ti gbà. Ìgbà yẹn ló burú jù. Lẹ́yìn náà ni awọ yóò tó ṣú, tí yóò lé roro tó kún fún omi dúdú.

Ní ti abẹ́rẹ́: inú ẹ̀jẹ̀ ni oògùn ń gbà dé ibi tí ó ń lọ. Ẹran tó ti kú, òpó ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ ti dí, oògùn kò lè débẹ̀ láéláé. Dandan ni kí wọ́n gé e títí tí wọ́n á fi kan ẹran tó ń ṣẹ̀jẹ̀, tó wà láàyè. Oògùn tí a ń fún wọn kì í ṣe ọ̀kan, a máa ń pa á pọ̀. Clindamycin sábà máa ń wà nínú rẹ̀, torí ó ń dá májèlé tí kòkòrò náà ń pèsè dúró. Ṣùgbọ́n abẹ ni oògùn àkọ́kọ́.

A kì í rán an torí pé a fẹ́ padà wò ó, láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún lọ́pọ̀ ìgbà. Tó bá ti tàn sí i, a tún gé. Ẹni tó bá rán an padà lọ́jọ́ kìíní, ńṣe ló ti ilẹ̀kùn mọ́ olè.

N kò ní tàn yín, ó lè pa bí ẹnì kan nínú márùn-ún, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ̀lú ìtọ́jú. Tí wọn kò bá gé e rárá, agbára káká ni ẹnikẹ́ni fi ń yè é. Ẹ tètè dé.

AlhajaṢómólú (10:25 àárọ̀)

Ẹ má bínú o, mo mọ̀ pé àwọn ọ̀mọ̀wé á bú mi. Ara ẹni tó ń jẹrà láàyè lórí bẹ́ẹ̀dì, lẹ́yìn tó bí ọkùnrin? Ọwọ́ ayé wà níbẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa, ẹni tó kọ́kọ́ wá kí wọn, kí ló gbé wá?

Nọ́ọ̀sìÀgbà (10:40 àárọ̀)

Alhaja, kò sẹ́ni tó máa bú yín. Ẹ gbàdúrà fún un, èmi náà ń gbà á. Àmọ́ mo ti rí ilé tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí wá ẹni tó ṣe é, tí wọ́n gbé aláìsàn kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní òun mọ̀ ọ́n. Kòkòrò yìí, àyẹ̀wò máa ń rí i. Nígbà mìíràn oríṣiríṣi ni wọ́n á pa pọ̀, tó ti inú ìfun tàbí ojú ara wá. Nígbà mìíràn streptococcus nìkan ni, èyí tí ọ̀fun ẹlòmíràn ń gbé kiri láìmọ̀. Tó bá yá tó bẹ́ẹ̀ tí ibà gíga àti ìrora fi dé láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn abẹ, streptococcus tàbí clostridium la kọ́kọ́ máa ń fura sí.

ỌmọAdéníji, ẹ bá mi fa Màmá yẹn mọ́ra. Kò ní ibi lọ́kàn. Bí wọ́n ṣe tọ́jú òun náà nìyẹn.

ÌyáÌbejìMushin (11:18 àárọ̀)

Mo ti kà á, ara mi bù máṣọ. Màmá Nọ́ọ̀sì, ta wá ló fà á? Nínú ìwé ohun tí wọ́n ní kí n rà nígbà tèmi, bíléèdì wà níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ Dettol àti òwú, wọ́n sì ní kí n fá irun abẹ́ wá láti ilé.

Nọ́ọ̀sìÀgbà (12:02 ọ̀sán)

Ìbéèrè bíléèdì yìí ló yẹ ká máa bi ara wa. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí wọ́n yé fi bíléèdì fá ibi tí wọ́n fẹ́ là. Bíléèdì ń ṣí ojú ihò kéékèèké tí a kò rí, ibẹ̀ sì ni kòkòrò ń gbà. Tí irun náà bá ń dí iṣẹ́ lọ́wọ́, kí wọ́n fi ẹ̀rọ gé e mọ́lẹ̀. Síbẹ̀ bíléèdì ṣì wà nínú ìwé ọjà ìkúnlẹ̀ káàkiri Èkó.

Ohun kejì ni abẹ́rẹ́ apakòkòrò kí wọ́n tó là. Àjọ yẹn kan náà ní kí wọ́n fún ìyá ní abẹ́rẹ́ kan *kí abẹ tó kan awọ*, kí oògùn náà ti wà lára nígbà tí wọ́n bá ń gé. Mo ti rí ibi tí wọn kì í ti í fún un ṣáájú, tí wọ́n á wá di kápúsù ọlọ́jọ́ méje lé ìyá lọ́wọ́ lẹ́yìn rẹ̀, kó lọ máa lò ó nílé. Kápúsù yẹn kò lè ṣe iṣẹ́ abẹ́rẹ́ tí wọn kò fún un. Ẹ béèrè kí ẹ tó wọlé: “Dókítà, ṣé mo ti gba abẹ́rẹ́ mi?” Kò sẹ́ni tó máa na yín.

Ìkẹta ni ọwọ́. Ní Vienna lọ́dún 1847, dókítà kan tó ń jẹ́ Semmelweis rí i pé àwọn dókítà tó ń ti ibi òkú bọ̀ sídìí ìyá tó ń rọbí ló ń pa wọ́n. Ó ní kí wọ́n fi omi kílórínì fọ ọwọ́, ikú sì já wálẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbà á gbọ́ títí ó fi kú. Lónìí gbogbo wa gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ lọ wo ẹ̀rọ omi nínú wọ́ọ̀dù kan kí ẹ sọ fún mi bóyá omi ń dà.

Láti Àìkú dé Ìṣẹ́gun, tí omi ti ya, níbo ni ìyàwó wa wà?

ỌmọAdéníji (12:30 ọ̀sán)

Ilé àdúrà ló wà títí di ọjọ́ Ajé. Wọ́n ń gbàdúrà pé yóò bí bí àwọn obìnrin Hébérù, pé abẹ kì í ṣe ìpín rẹ̀. Agbẹ̀bí ibẹ̀ ń yẹ̀ ẹ́ wò ṣáá. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi fi gbé e dé ilé ìwòsàn, ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu.

Nọ́ọ̀sìÀgbà (12:41 ọ̀sán)

Mo ti fura. Bí omi bá ti ya, tí ìrọbí pẹ́, tí ọ̀pọ̀ ìka sì ti wọlé, kòkòrò lè ti gòkè sí ilé ọmọ kí abẹ tó débẹ̀. Abẹ tí a fi pàjáwìrì ṣe bẹ́ẹ̀ léwu ju èyí tí a ti dá ọjọ́ sí lọ. Ká tún fi àtọ̀gbẹ, ara sísanra àti àìtó ẹ̀jẹ̀ kún un. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì tèmi náà, wọ́n ń kọ ẹ̀yìn sí iṣẹ́ abẹ lórí pẹpẹ, tí a bá sì là wọ́n tán, wọ́n á wá ṣe ìdúpẹ́ pé wọ́n bí wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo máa ń wò wọ́n ni.

Aríkúyẹrí (3:15 ọ̀sán)

Mo forúkọ sílẹ̀ síbí nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ṣe mí rí, lẹ́yìn ọmọ mi kejì. Àbúrò, sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé kí ó má bojú kúrò nígbà tí wọ́n bá ń wẹ egbò náà. Ojú ọkọ mi ni mo máa ń wò láti mọ̀ bóyá mo ti di ẹrù.

Wíwẹ egbò ló le jù. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún un ní oògùn ìrora ṣáájú, kí ó ti wọ ara kí wọ́n tó ṣí i. Jíjẹun ṣe pàtàkì: ẹyin, ẹja, ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, ohun tó bá ti lè kọ́ ẹran ara. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní ẹyin á jẹ́ kí egbò kẹ̀.

Nígbà tí egbò tèmi mọ́ tó pọ́n dáadáa, wọ́n bó awọ fẹ́lẹ́ lára itan mi wọ́n fi bò ó. Kí a máa sọ òtítọ́, ojú itan yẹn dùn mí ju ikùn lọ. Ilé ìwòsàn Igbóbì tí gbogbo èèyàn mọ̀ mọ́ eegun, wọ́n ní ẹ̀ka iná àti àtúnṣe awọ níbẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn dókítà yín bóyá ibi tí ẹ wà lè ṣe é tàbí wọ́n á rán yín lọ.

ỌmọAdéníji (Ajé, 7:50 alẹ́)

Wọ́n ti gbé e wọlé lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n gé díẹ̀ sí i lápá òsì, wọ́n ní apá ọ̀tún ti mọ́. Ó mọ orúkọ ọmọ. Ó tọ̀. Ibà ti wálẹ̀ sí 37.8.

Wọ́n ń fẹ́ ẹ̀jẹ̀ sí i, ẹ̀gbọ́n mi àti èmi ti fún wọn. Owó ti ń tán. Ọmọ ń sunkún ọmú, màmá àgbà ń fi ife fún un ní mílíìkì oníyẹ̀fun. Ṣé ó ṣì lè fún un lọ́mú pẹ̀lú gbogbo oògùn yìí?

Akẹ́míìsìOjúẹlẹ́gbà (8:06 alẹ́)

Ọ̀pọ̀ nínú abẹ́rẹ́ apakòkòrò wọ̀nyí kò dí ọmú lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ ka orúkọ gbogbo wọn fún dókítà ọmọdé, kí òun náà yẹ ọmọ wò, torí kòkòrò ìyá lè kan ọmọ. Kí ẹ máa fún ọmú rẹ̀ jáde ní gbogbo ìgbà tí ọmọ ìbá fi mu ún, kí omi ọmú má baà gbẹ. Tí dókítà bá ní kí ẹ má fún ọmọ, ẹ dà á nù, kí ẹ ṣáà máa fún un jáde.

Ní ti owó, àwọn ilé ìwòsàn ńlá ní ẹ̀ka tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ aláìsàn tí owó tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ lọ bá wọn lónìí, kí gbèsè tó pọ̀.

BàbáTólú (8:20 alẹ́)

O+ ni ẹ̀jẹ̀ mi. Yábàá ni mo wà. Fi ibi tí ẹ wà ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀, mo ń bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la kí n tó lọ síbi iṣẹ́.

ỌkọTuntunAgége (Ọjọ́rú, 5:40 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀rù ń bà mí látìgbà tí mo ti ka ọ̀rọ̀ yìí. Ọjọ́ kẹfà rèé tí wọ́n là ìyàwó mi. Ojú ọgbẹ́ ń yún un, ọyún díẹ̀ sì ń jáde níbi okùn kan. Kò ní ibà, ó ń jẹun, ó ń rìn. Ṣé òun náà ni?

Nọ́ọ̀sìÀgbà (6:01 ìrọ̀lẹ́)

Bí o ṣe sọ ọ́ yìí kò jọ ọ́. Ọgbẹ́ abẹ tó gba kòkòrò díẹ̀ wọ́pọ̀ ju ti ìyàwó ẹ̀gbọ́n ỌmọAdéníji lọ fíìfíì. Èyí tó ní ọyún níbi okùn kan, tí ìrora kò kọjá ibẹ̀, tí kò ní ibà, wọ́n á ṣí okùn yẹn, wọ́n á tẹ ọyún náà jáde, wọ́n á wẹ̀ ẹ́, ó lè má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n gbé e lọ láàárọ̀ ọ̀la kí wọ́n rí i, má fi ohunkóhun sí i. Lálẹ́ òní, fa ìlà bíró yí i ká. Tí ó bá kọjá ìlà, tàbí ibà dé, tàbí ibi tí abẹ kò dé bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, má dúró de àárọ̀. Fún un ní omi mu dáadáa. Ta ló ń bá yín wẹ ọmọ?

ỌkọTuntunAgége (6:09 ìrọ̀lẹ́)

Màmá mi ni. Mo ti gba bíléèdì àti omi gbígbóná lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ń bínú sí mi.

Nọ́ọ̀sìÀgbà (6:12 ìrọ̀lẹ́)

Jẹ́ kí wọ́n máa bínú. Fún wọn ní ọmọ gbé.